Kì í ṣe òfin ló ń dá iná núkílíà dúró

Bí iná bá ti lọ ní Ìlọrin tí ọ̀rọ̀ sì kan ìjọba, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní ilé iṣẹ́ iná núkílíà ló yẹ ká kọ́, pé òfin àti àjọ tó ń béèrè ìwé lórí ìwé ni ò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Kí ìjọba gé òfin náà kúrú, kí kọngílá wọlé, iná á dé. Àwọn tó kàwé dáadáa náà ń sọ ọ́. A mọ̀ pé ìyà òkùnkùn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ wo Vogtle, ilé iṣẹ́ iná núkílíà kan ní ìpínlẹ̀ Georgia, Amẹ́ríkà. Ọdún 2008 ni wọ́n kọ̀wé béèrè àṣẹ láti fi ẹ̀rọ méjì kún un, oṣù kejì 2012 ni àṣẹ jáde. Ọdún mẹ́rin nìyẹn. Ọdún 2013 ni wọ́n da kọnkéré àkọ́kọ́, ìgbà tó di oṣù keje 2023 ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́ nínú méjèèjì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta iná. Ọdún mẹ́wàá nìyẹn, owó tó wọlé sí i sì ju bílíọ̀nù 30 dọ́là lọ. Nínú ọdún mẹ́rìnlá tó ju bẹ́ẹ̀ lọ yìí, ìkọ́lé ló gba èyí tó pọ̀ jù.

V.C. Summer, ilé iṣẹ́ iná núkílíà mìíràn ní South Carolina, ni èyí tó yẹ kó pa èrò náà. Irú ẹ̀rọ kan náà ni, oṣù kan péré lẹ́yìn ti Vogtle ni wọ́n gba àṣẹ tiwọn. Ní oṣù keje 2017, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti ná nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́sàn-án dọ́là. Ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn digbí. Ohun tó dà á rú ni pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé nígbà tí àwòrán iṣẹ́ náà kò tíì parí; ohun tí wọ́n rọ nílé iṣẹ́ ń dé pẹ̀lú àléébù, wọ́n ń tú ohun tí wọ́n ti kọ́, wọ́n tún ń tò ó. Westinghouse tó ṣe ẹ̀rọ náà sì wọ gbèsè débi pé ó lọ sílé ẹjọ́ ní oṣù kẹta ọdún yẹn. Òfin wo lẹ fẹ́ gé tí yóò parí àwòrán fún ẹnjiníà?

Ní Finland, ọdún 2005 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkọ́lé ẹ̀rọ núkílíà Olkiluoto 3. Ọdún 2009 ló yẹ kó ṣe tán, ọdún 2023 ló ṣe tán. Láti ìpìlẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀: omi pọ̀ jù nínú kọnkéré tí wọ́n dà sísàlẹ̀ ẹ̀rọ. Àjọ alámòójútó ló ṣe ìwádìí rẹ̀. Ẹni tó bá ti kọ́ ilé alájà rí mọ ohun tí omi púpọ̀ ń ṣe fún kọnkéré. Ẹ wá rò ó wò bí kò bá sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ohun tí wọ́n ń sọ o. Láyé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, ìwé àṣẹ méjì ni: ọ̀kan láti kọ́, ọ̀kan láti lò. Ilé iṣẹ́ Shoreham ní New York parí tán pátápátá, kò ta iná rí, ọdún 1989 ni wọ́n pinnu láti tì í. Ọdún yẹn kan náà ni àjọ wọn gbé ìlànà jáde tó so àṣẹ méjèèjì pọ̀. Ní 2024 wọ́n tún ṣe òfin tuntun kí àyẹ̀wò lè yá, nígbà tó sì di oṣù karùn-ún 2025, ààrẹ wọn pàṣẹ pé kí ìdáhùn má ju oṣù méjìdínlógún lọ. Mímú àyẹ̀wò yá dára. Kó máà sí àyẹ̀wò ni kò dára.

Ilẹ̀ Lárúbáwá ti Dubai àti Abu Dhabi ṣe é lọ́nà tó yàtọ̀. Ọdún 2009 ni wọ́n ṣe òfin tó dá àjọ alámòójútó sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkọ́lé ní Barakah ní 2012. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń ta iná ní 2021, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì tó nǹkan bíi 5,600 mẹ́gáwáàtì lónìí. Òfin wọn le, ó sì ṣe kedere.

Ẹ jẹ́ ká wá sílé. Wọ́n ti dárúkọ Geregu lẹ́bàá Ajaokuta, ilẹ̀ tó wà nínú Kwara àtijọ́ kí wọ́n tó yọ Kogi ní 1991, mọ́ ibi tí wọ́n lè kọ́ ọ sí. Kí ni yóò gbé iná rẹ̀? Àwọn amòye kì í fẹ́ kí ẹ̀rọ kan ṣoṣo ju ìdá kan nínú mẹ́wàá gíríìdì lọ, torí bó bá kú lójijì, yóò fa ìyókù lulẹ̀. Ní oṣù kẹta 2025, èyí tó pọ̀ jù tí gíríìdì wa tíì gbé rí lé díẹ̀ ní 5,800 mẹ́gáwáàtì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 580, ìyẹn ni bí gbogbo ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà ní Jẹ́bà ṣe tó bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀rọ núkílíà tí Rọ́ṣíà ń tà jẹ́ 1,200, ìlọ́po méjì Jẹ́bà. Ọjọ́ tó bá dédé dákẹ́, iná á lọ ní Ganmo, á lọ ní Ọ̀fà, á lọ ní Òmù-Àrán.

Ewu tó wà níbẹ̀ tún ju òkùnkùn lọ. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ núkílíà, kì í tutù lójú ẹsẹ̀. Ooru inú ẹ̀rọ 1,200 tó nǹkan bíi 3,200 mẹ́gáwáàtì. Ìṣẹ́jú tí wọ́n bá pa á, ooru bíi 200 ṣì ń jáde, lẹ́yìn ọjọ́ kan ó ṣì lé ní 10. Omi gbọ́dọ̀ máa yí ká a, iná tó ń ti ìta wá ló sì sábà máa ń yí omi náà. Bí iná ìta bá kú, ó di ọwọ́ jẹnẹrétọ̀. Ní ilé iṣẹ́ núkílíà Fukushima ní Japan lọ́dún 2011, ìmìtìtì ilẹ̀ já okùn iná, omi òkun bo jẹnẹrétọ̀, ẹ̀rọ mẹ́ta sì yọ́. Nítorí náà, gíríìdì tó ń ṣubú léraléra jẹ́ ọ̀rọ̀ ààbò, àjọ tó bá sì kọ̀ láti fọwọ́ sí i kò ṣe ìlú níbi.

Àwọn kan ń sọ pé kí Kwara ṣe òfin tirẹ̀, ṣebí láti 2023 ni ìpínlẹ̀ ti lè ṣe òfin iná fúnra rẹ̀. Ó lè ṣe ti iná oòrùn àti ti omi. Núkílíà wà lára ohun tí ìwé òfin 1999 fi sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, nọ́ńbà 41 nínú àtòkọ náà.

Iṣẹ́ wà lára òfin àpapọ̀ lóòótọ́. Òfin 1995 ló dá NNRA, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ núkílíà ní Nàìjíríà, sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2001. Àjọ yìí náà ló ń fún àwọn ilé ìwòsàn tó ń fi X-ray ya àwòrán ní Ìlọrin ní ìwé àṣẹ. Ríákítọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ núkílíà, kan ṣoṣo tí a ní ni ti Zaria, ti ìwádìí ni, ooru rẹ̀ lé díẹ̀ ní kílówáàtì 30. Láti ibẹ̀ sí ilé iṣẹ́ iná, ọ̀nà jìn.

Bí àbádòfin tuntun bá dé Abuja, ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi aṣòfin yín nìyí. Ta ló lè yọ olórí àjọ alámòójútó? Bó bá jẹ́ ẹni tó ń wá ẹ̀rọ náà rà ló lè yọ ọ́, àyẹ̀wò ti bàjẹ́. Owó wo ni wọ́n fi ń san oṣù àwọn ẹnjiníà tó ń yẹ̀wò, ṣé yóò tó tí kọngílá kò fi ní fi owó fà wọ́n lọ? Bí òfin bá fún àjọ ní gbèdéke, ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á? Ìgbà tí ìwé bá pé ló yẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnikẹ́ni lè kó ìwé ìdajì wá kó sì máa dúró de ọjọ́. Ta ló ń fi owó pa mọ́ láti ọjọ́ kìíní fún títú ilé iṣẹ́ náà palẹ̀ àti fún ìdọ̀tí rẹ̀?

Ẹ má gbàgbé ẹ̀tọ́ ẹni tó bá fara gbá. Àdéhùn Vienna ti 1963, tó dá lórí ìpalára núkílíà, ní ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ni yóò san gbà-má-bínú, kódà bí kò bá jẹ̀bi, ó sì gbọ́dọ̀ ní adójútòfò. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́wàá péré ló fi sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè. Jẹjẹrẹ tí ìtànṣán ń fà lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó hàn, ìdí nìyẹn tí àtúnṣe 1997 fi sọ ọ́ di ọgbọ̀n ọdún fún ikú àti ìpalára. Ìwé òfin wa sì ní àdéhùn kankan kò ní agbára òfin nílẹ̀ yìí àyàfi bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ bá sọ ọ́ di òfin, nítorí náà inú àbádòfin yẹn gan-an ló ti yẹ kẹ́ ẹ wá ọgbọ̀n ọdún náà.