Ta ló ń japa lọ sí Kakuma?
Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ pé àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ ṣe intanṣípù ìrànwọ́ lókè òkun, japa ni gbogbo wọn ń wá, ó dùn mí gan-an o. Àbúrò mi obìnrin, Èbúté Mẹ́ta níbí la ti jọ dàgbà, Kakuma ní Kenya ló lọ, àgọ́ àwọn tí ogun lé nílùú, látọdún 1992 ló ti wà, ta ló ń japa lọ síbẹ̀? Ó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà yẹ́lò fífà, ó dúró kó pé ọjọ́ 10 kí abẹ́rẹ́ náà lè ṣiṣẹ́ lára rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ tó máa lọ màámi ń di gàrí Ìjẹ̀bú sínú ọ̀rá méjì, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì sọ lókè yẹn pé ṣebí aláìní wà ní Mákòkó nílé níbí, òótọ́ ni, ibẹ̀ náà ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní gbogbo Sátidé fún ọdún méjì kó tó lọ.