Kọ́ṣọ̀n Mi Dà?

Inú ń bí mi débi pé iṣu tí mo gbé kaná láàárọ̀ yìí jó mọ́ ìdí ìkòkò, mi ò gbọ́ òórùn ẹ̀. 40,000 náírà! Kì í ṣe owó ilé, kì í ṣe kòmíṣọ̀n ejẹ́ǹtì, kì í ṣe owó àgíríméǹtì. Gbogbo ìyẹn ti lọ, mi ò bi ẹnikẹ́ni. Kọ́ṣọ̀n ni mò ń wí, owó tí ayálégbé ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé torí ohun tó bá bà jẹ́, èyí tí bàbá onílé mi ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́, fẹnu ara wọn sọ lọ́dún 2022 pé, "Owó ẹ ló wà lọ́wọ́ mi yìí, ọmọ mi. Ọjọ́ tó o bá kó jáde lo máa gbà á."

Mo kó jáde. Mo gbálẹ̀, mo fi Hypo fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo kó kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Wọ́n ní kí n padà wá ní Sátidé. Mo dé ibẹ̀, bébà ni wọ́n nà sí mi.

Ẹ wá wo bébà! Ewé kan tí wọ́n fà ya nínú ìwé ọmọ iléèwé. Ọ̀dà kíkùn, 25,000. Sílìǹ, 12,000. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tuntun, 6,500. Ẹnu ẹ̀rọ omi, 3,000. Ó di 46,500. Wọ́n fàlà méjì sábẹ́ ẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ pé ó ku 6,500 tí mo jẹ àwọn! Èmi tí mo wá gbowó ni mo di onígbèsè. Oníṣẹ́ mẹ́ta ló fọwọ́ sí i o, ṣùgbọ́n "0" tí gbogbo wọn kọ ló nírù gígùn bíi "0" tí bàbá máa ń kọ sórí rìsíìtì owó ilé mi. Káfíńtà, akunlé, oníṣẹ́ omi, àfi bíi pé tíṣà kan náà ló kọ́ wọn.

Sílìǹ yẹn, òjò ló bà á jẹ́. Páànù wọn ló ń jò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sọ fún wọn lọ́dún 2023. Àkọ́kọ́, wọ́n ní àwọn á pe káfíńtà. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ní ta ló ń ṣe páànù lásìkò ọyẹ́? Abọ́ ni mo gbé síbẹ̀, tí mo ju àkísà sínú ẹ̀ kó má baà máa ró kó, kó, kó sí mi létí lóru. Ẹnu ẹ̀rọ, èmi ni mo fowó ara mi rà á. Ẹni tó bá sì mọ eruku ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, kó wá sọ fún mi, ògiri wo ló ń funfun fọ́dún mẹ́ta? Àgíríméǹtì gan-an ló sọ pé ohun tó bá gbó fúnra ẹ̀ kò kan ayálégbé. Mo kà á sí wọn létí. Wọ́n ní ṣé lọ́yà ló bá àwọn kọ́lé ni?

Mo tún lọ ní Tọ́sìdeè. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH kan ti wà níbẹ̀! Ọmọ náà ṣílẹ̀kùn, a kíra, mo yọjú wo inú. Ọ̀dà kankan ò kan ògiri. Ihò ìṣó tí mo fi kọ́ kàlẹ́ńdà wà níbi tó wà. Àbàwọ́n òjò tó rí bí etí erin ṣì ń wò mí látòkè. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tuntun ńkọ́? Èyí tí mo kó fún wọn ló wà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, pẹ̀lú òwú pupa tí èmi fọwọ́ ara mi so mọ́ ọn. Mo bi í pé èló ló san fún kọ́ṣọ̀n. Ó ní 60,000.

Mo já lọ bá bàbá lábẹ́ igi máńgòrò wọn. Wọ́n ní àwọn kì í bá ọmọdé jiyàn. Ìyàwó wọn ń bẹ̀ mí pé kí n fi sílẹ̀ f'Ọ́lọ́run. F'Ọ́lọ́run kẹ̀? Ṣé Ọlọ́run ló gba 40,000 lọ́wọ́ mi ni?

Mo ń padà lọ ní Mọ́ńdè. Fọ́tò ọjọ́ tí mo kó wọlé wà lórí fóònù mi. Ọmọ LAUTECH yẹn náà ti ya sílìǹ àti ògiri tiẹ̀. Èmi ni mo ní kó yà á.