Streak kọ́ ni èdè o, ẹ yanu yín

Ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi, ẹni bá fẹ́ bínú kó bínú. Gbogbo streak, ìyẹn iye ọjọ́ tẹ́ẹ ti fi lo Duolingo, áàpù tí wọ́n fi ń kọ́ èdè, láìfọjọ́ kan sílẹ̀, tẹ́ẹ ń yà ní fọ́tò sórí sítétọ́ọ̀sì yẹn, géèmù lẹ ń gbá. Mi ò sọ pé kò dáa o, Duolingo wúlò gan-an féèyàn tí ò gbọ́ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ téèyàn bá ti ń tẹ fóònù láti ọdún tó kọjá, tí wọ́n wá ní kó fi Sípáníìṣì sọ ohun tó jẹ láàárọ̀, tó ń wòkè wolẹ̀, ọ̀rọ̀ ti wà níbẹ̀ nìyẹn.

Foreign Service Institute tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà lédè sọ pé ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì máa lo bíi wákàtí 600 sí 750 lórí Sípáníìṣì, Lárúbáwá tàbí èdè Ṣáínà á tó 2,200, olùkọ́ tún wà níwájú wọn o! Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí bẹ́ẹ̀dì kẹ́ẹ tó sùn, ìgbà wo lẹ fẹ́ débẹ̀?

Témi ni pé, ẹ wá fídíò kékeré lórí YouTube níbi téèyàn méjì ti ń tàkurọ̀sọ, ẹ dín eré ẹ̀ kù sí 0.75, kẹ́ẹ máa sọ ọ́ tẹ̀ lé wọn, ibi tí wọ́n bá ti fa ohùn kẹ́yin náà fà á, ibi tí wọ́n bá ti gé e kẹ́ẹ gé e, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ kẹ́ẹ gbọ́ ọ. Ojú á kọ́kọ́ tì yín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lẹ ti máa mọ ibi tí ahọ́n yín ti ń kọsẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ń kọ́ Jámánì gan-an ò tiẹ̀ ní àwíjàre, Deutsche Welle, ilé iṣẹ́ ìròyìn Jámánì, gbé ẹ̀kọ́ kan tó ń jẹ́ Nicos Weg síta lọ́fẹ̀ẹ́ láti A1, ìpele ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, dé B1, ìpele àárín, bíi fíìmù ló rí, ọmọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Jámánì ni báàgì ẹ̀ bá sọnù.

Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń gbàgbé ọ̀rọ̀, ẹ lo Anki, áàpù tó ń fi káàdì bi yín ní ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ ń kọ́. Èyí tẹ́ẹ bá mọ̀ á pẹ́ kó tó padà, èyí tẹ́ẹ ò mọ̀ á máa wá bá yín bí òṣómàáló ni. Ẹ sáà fúnra yín kọ káàdì yín.

Kẹ́ẹ wá wá èèyàn bá sọ̀rọ̀, HelloTalk wà, Tandem wà, áàpù táwọn èèyàn fi ń bára wọn sọ èdè tí wọ́n ń kọ́ ni méjèèjì. Àwọn kan wà níbẹ̀ o tó jẹ́ ìyàwó ni wọ́n ń wá, ẹ bùlọ́ọ̀kù wọn kẹ́ẹ kọjá.