Àbádòfin Àbùjá Kò Lè Lé Olóko Kúrò Nínú Igbó Ọmọ

Inú wa dùn sí àbádòfin ààbò ẹranko ìgbẹ́ tí àwọn sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí lóṣù kẹwàá 2025. Ìtanràn ẹni tó bá ń ta eyín erin tàbí ìpẹ́ akika lè tó mílíọ̀nù 12 náírà, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 10. Ó ti yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ṣùgbọ́n a ó tún un sọ, bí a ṣe ń sọ ọ́ bọ̀: kì í ṣe ìbọn ọdẹ nìkan ló ń lé erin lọ ní Igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Oko kòkó ń lé e, ẹ̀rọ ìgégi ń lé e. Láti 2021 ni IUCN, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ààbò ẹranko àti ewéko, ti ka erin igbó mọ́ ẹranko tó kù díẹ̀ kó run. Nígbà tí wọ́n bá sì gba ibi tó ti ń jẹ, oko olóko ni yóò wọ̀, ìjà a sì dé.

Àbùjá kọ́ ló ni igbó yìí. Òfin Ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Ìjọba ti ya igbó náà sọ́tọ̀ láti 1925. Àárín rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi àdá kàn, nínú igbó tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ibi ìdáàbòbò ohun ẹlẹ́mìí àti àyíká wọn (biosphere reserve) ní 1977, kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà 460 lọ. Erin kò lè gbé inú ìwọ̀nba yẹn nìkan. Igbó tó yí i ká ni oúnjẹ rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ń gé.

Ẹ̀yin aláṣẹ ọ̀rọ̀ igbó ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ta ló ń fún àwọn agégi níwèé àṣẹ? Agbégilódò kì í ṣe abẹ́rẹ́ tí à ń fi pamọ́ sápò. Ojú títì Ṣàgámù sí Ọ̀rẹ̀ ló ń gbà kọjá, tìró-tìró, lójú gbogbo yín. Ìgbìmọ̀ wo ló tún kù tí ẹ fẹ́ gbé kalẹ̀?

A kò ní kí wọ́n lé àgbẹ̀ jáde lóru. Ọ̀pọ̀ wọn ti bímọ síbẹ̀. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ẹ wá ilẹ̀ tí igi ti tán lórí rẹ̀ fún wọn, kí ẹ sì san owó oṣù àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lásìkò.

Èyí tí kò gba owó kankan ni pé kí gómìnà tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìwé àṣẹ ìgégi ní Igbó Ọmọ jáde, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú kí ọ̀nà igbó gbẹ fún ọkọ̀ wọn.