Òtútù kò pa àwọn adágún Antarctica

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ibi tí yìnyín bá ti bo omi láti ọdún dé ọdún, kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ orúkọ Antarctica, ẹyẹ penguin tó wà létí òkun ni wọ́n máa ń rántí, lẹ́yìn náà ilẹ̀ funfun gbalasa tí ohunkóhun kò ti ń mí. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́: òtútù ti pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń dùn mí pé ọ̀rọ̀ yìí ń fi ọ̀kan nínú àwọn ohun tó yani lẹ́nu jù lọ láyé pa mọ́ fún wa.

Ìgbàgbọ́ náà ti pẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1903, Robert Falcon Scott, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti ọkùnrin méjì mìíràn sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì kan tí à ń pè ní Taylor Valley lónìí. Yàtọ̀ sí ibi púpọ̀ ní Antarctica, yìnyín kò bo ilẹ̀ ibẹ̀. Òkúta àti iyanrìn lásán ni, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń fẹ́ láìdáwọ́ dúró. Egungun ẹran òkun kan, seal, ni wọ́n rí, wọn ò rí ohun alààyè kankan. Scott pe ibẹ̀ ní àfonífojì òkú. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ adágún Bonney ni wọ́n gbà kọjá. N kò dá a lẹ́bi, nítorí ojú lásán ló fi wò ó, kò sì sí ohun tí ì bá fi lu yìnyín náà. Àmọ́ orúkọ tó sọ ibẹ̀ lẹ́ mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́.

Ohun tí kò rí nìyí. Yìnyín fúyẹ́ ju omi lọ, nítorí náà òkè ló ń wà. Lórí àwọn adágún àfonífojì wọ̀nyẹn, bíi Bonney, Hoare àti Fryxell, ó nípọn tó mítà 3 sí 5, kì í sì í yọ́ tán lọ́dún. Abẹ́ rẹ̀ ni omi wà, omi gidi tí kò dì, nítorí yìnyín náà kò jẹ́ kí òtútù òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibẹ̀, omi tó ń yọ́ láti ara òkè yìnyín ń ṣàn wọ inú adágún láti etí. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn díẹ̀ náà ń gba inú yìnyín kọjá. Ní adágún Vanda, tó wà ní àfonífojì kejì, omi ìsàlẹ̀ pátápátá gbóná tó nǹkan bíi dígírì 25. Bẹ́ẹ̀ ni, dígírì 25, ní Antarctica! Omi ìsàlẹ̀ yẹn kún fún iyọ̀, ó wúwo, kò lè gòkè wá tú ooru rẹ̀ dànù, nítorí náà ooru tí oòrùn fún un ń pọ̀ sí i ni.

Àwọn onímọ̀ máa ń fi ooru yọ ihò sínú yìnyín náà, wọ́n á wọ aṣọ òmùwẹ̀, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀. Nísàlẹ̀, nǹkan rírọ̀ kan tẹ́ ilẹ̀ adágún, ó ní àwọ̀ ewé níbì kan, ó pọ́n tàbí kó dà bí elésè àlùkò níbòmíràn. Bakitéríà ló kọ́ ọ, irú tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kéré débi pé ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n wọ́n lọ́ mọ́ra ní fọ́nrán tín-ín-rín títí wọ́n fi di ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Bí wọ́n ti ń ṣe oúnjẹ, ọ́síjìn ń jáde lára wọn, ó ń há sáàárín wọn. Nígbà tó bá pọ̀ tó, apá kan á já kúrò nílẹ̀, á léfòó sókè, á lẹ̀ mọ́ abẹ́ yìnyín, yìnyín á sì gbé e mì. Afẹ́fẹ́ àti oòrùn ń jẹ yìnyín láti òkè, omi tuntun ń dì mọ́ ọn láti ìsàlẹ̀, nítorí náà èyí tó há sínú rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún títí á fi yọ sójútáyé. Afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, á sì tú u ká sórí iyanrìn. Inú adágún ni díẹ̀ nínú ohun tó ń bọ́ ilẹ̀ àfonífojì òkú yẹn ti ń wá.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ìmọ́lẹ̀ ṣáà ń dé ibẹ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí kò dé. Adágún Whillans wà lábẹ́ yìnyín tó nípọn tó nǹkan bíi mítà 800. Omi rẹ̀ kò jìn ju bíi mítà 2 lọ, ó sì tutù díẹ̀ ju òdo lọ. Ìwúwo yìnyín orí rẹ̀ wà lára ohun tí kò jẹ́ kó dì. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà fi omi gbígbóná lu yìnyín náà já. Wọ́n ti sẹ́ omi ọ̀hún, wọ́n sì ti tan ìmọ́lẹ̀ tó ń pa bakitéríà sí i, kó má baà jẹ́ pé àwọn fúnra wọn ló kó kòkòrò wọlé. Nígbà tí wọ́n fa omi adágún jáde, wọ́n fi aró tó ń lẹ̀ mọ́ DNA kùn ún, wọ́n gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù níbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì sì ń tàn ní àwọ̀ ewé. Nígbà tí wọ́n tẹ iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 2014, iye tí wọ́n kà jẹ́ nǹkan bíi 130,000 sẹ́ẹ̀lì nínú mìlílítà kan. Ṣíbí tíì kan á gba ohun tó lé ní 600,000. Láìsí oòrùn, ammonia, irin, súfúrù àti gáàsì methane tó wà nínú ẹrẹ̀ àti òkúta ni wọ́n ń rí agbára lò.

Ìmọ́tótó yẹn ṣe pàtàkì. Àwọn ará Rọ́ṣíà ti dé adágún Vostok ní oṣù Kejì ọdún 2012, lábẹ́ yìnyín tó lé ní kìlómítà 3.7, ṣùgbọ́n kẹrosíìnì wà nínú ihò tí wọ́n gbẹ́, nítorí náà àríyànjiyàn ò tíì tán lórí ohun tí wọ́n ní àwọn rí. N kò ní fi Vostok gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀.

Báwo ni òtútù kò ṣe pa wọ́n? Ẹ wo epo pupa nígbà ọyẹ́: ó ń dì, òróró ẹ̀pà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kì í dì, nítorí irú ọ̀rá tó wà nínú wọn yàtọ̀. Awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, ọ̀rá ló pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ẹlẹ́mìí inú adágún tútù ń lo irú ọ̀rá ti òróró, kí awọ wọn má baà gan. Àwọn kan tún ní purotéènì tó ń so mọ́ yìnyín, tí kì í jẹ́ kó dàgbà.

Ẹran tí kì í bàjẹ́ nínú firísà ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa rò pé òtútù ń pa kòkòrò. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: omi tó bá dì nínú sẹ́ẹ̀lì lè gún un ya, àwọn kan sì ń kú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ kàn dúró ni. Tí iná bá lọ tí ẹran sì yọ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Firísà tó tutù tó dígírì 80 sísàlẹ̀ òdo gan-an ni àwọn ilé ìwádìí ń kó bakitéríà sí, kí wọ́n má baà kú. Ooru ló ń pa òmíràn nínú wọn: ohun ewéko onísẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n bù nínú adágún Bonney, Chlamydomonas, ò lè gbé nínú ooru yàrá wa lásán.

Ní adágún Vida, omi tó há sínú yìnyín tutù tó dígírì 13 sísàlẹ̀ òdo, iyọ̀ rẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́fà ti òkun, kò sí ọ́síjìn níbẹ̀. Bakitéríà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ wá fi wé adágún kékeré Don Juan, tó wà ní àfonífojì kan náà pẹ̀lú Vanda. Omi rẹ̀ kì í sábà dì, àní nígbà òtútù líle. Síbẹ̀ a kò tíì rí ẹ̀rí tó dájú pé ohun kan ń gbé inú rẹ̀, nítorí calcium chloride, irú iyọ̀ kan, tó kún inú rẹ̀ di omi mú débi pé sẹ́ẹ̀lì kò lè rí i mu.