Èsì wa sí oníbàárà tó fún ìrìn àjò Faransé rẹ̀ ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ ráyè kọ nǹkan nípa ilé iṣẹ́ ìrìn àjò wa. A ti kà á. Ọmọbìnrin tó bá yín ṣètò ìrìn àjò náà kà á pẹ̀lú, kò sì jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ ní a gba owó ńlá lọ́wọ́ yín, pé ẹ ò rí òdòdó láfẹ́ńdà kankan, pé tíréènì já yín sílẹ̀, oúnjẹ ń rùn, hòtẹ́ẹ̀lì gba owó tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín, awakọ̀ ò sì wá. Bí èèyàn bá kà á báyìí, á rò pé inú igbó la lọ já yín sí. Ẹ jẹ́ kí n fi ọjọ́ àti wákàtí sí i, torí àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ yín kò sí níbẹ̀.

Láfẹ́ńdà ni ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù Kejì 2025 ni ẹ kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ní Paris ni ẹ fẹ́, lẹ́yìn náà Lyon, lẹ́yìn náà ìgbèríko Provence, kí ẹ lè ya fọ́tò láàárín oko láfẹ́ńdà pẹ̀lú ìró àti bùbá elésè àlùkò. A fi í sí ọjọ́ 2 sí 11 oṣù Keje, torí àsìkò yẹn gan-an ni òdòdó náà máa ń tàn dáadáa. Ó di ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin, ẹ ní àbúrò yín ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ sínú oṣù Keje, kí a bá yín sún un sí ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ. Ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú lálẹ́ ọjọ́ yẹn, a kọ ọ́ sí yín lórí WhatsApp pé kí ẹ tó dé, wọ́n á ti gé e tán. Òróró ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń fún nínú rẹ̀, wọn ò gbìn ín fún fọ́tò. Ní Valensole, ní Provence níbẹ̀, kí oṣù Keje tó parí ni ẹ̀rọ ti máa ń gba orí oko kọjá. Ní apá Sault, tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ díẹ̀. A tún sọ fún yín pé oṣù Kẹjọ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ onílé oúnjẹ ní Paris máa ń ti ilẹ̀kùn wọn lọ sinmi. Èsì tí ẹ fún wa ni àwòrán àtàǹpàkò. Àtàǹpàkò náà ṣì wà lórí fóònù wa. Ẹni tó bá lọ sí Oyíngbò lóṣù Kẹjọ, tó ń wá àgbálùmọ̀ kiri, ṣé ìyá alátẹ ni yóò bá jà?

Ti tíréènì. Agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, ni ọkọ̀ yín sí Lyon máa gbéra ní ibùdókọ̀ ojú irin Gare de Lyon. Gare de Lyon yìí, Paris ló wà. Ibi tí ọkọ̀ ń lọ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, bí Ìwó Road ṣe wà ní Ìbàdàn tí kì í ṣe Ìwó. Bí a ṣe kọ ọ́ fún yín gan-an nìyẹn, pẹ̀lú ìlà pupa lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rò pé ibi tí ẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀ ni, ẹ sì gba Gare du Nord lọ torí pé ibẹ̀ ni ẹ bọ́ sí nígbà tí ẹ ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Kí ẹ tó fi àpótí mẹ́ta gba abẹ́ ilẹ̀ dé òdìkejì, ọkọ̀ ti lọ. Ìṣẹ́jú méjì ṣáájú àkókò ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn, wọn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ohun tí ẹ ò kọ ni pé ọmọbìnrin kan náà, lọ́jọ́ Sátidé tí kì í ṣiṣẹ́, dúró síta níbi ìsọmọlórúkọ, ó fi fóònù ra tíkẹ́ẹ̀tì míràn fún ẹ̀yin méjèèjì sínú ọkọ̀ agogo méjìlá. Àwa la san án. A ò bi yín ní kọ́bọ̀.

Wákàtí méjì ni Paris sí Lyon, nítorí náà agogo méjì ọ̀sán ti lù nígbà tí ẹ dé. Agogo méjì ni ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ níbẹ̀ ń pa iná ìdáná, ó di nǹkan bí agogo méje alẹ́ kí wọ́n tó tún dá a. Ebi wá ń pa yín, inú ń bí yín. Nígbà tó di alẹ́, ẹ fi ìka tọ́ka sí andouillette lórí ìwé oúnjẹ láìbéèrè. Ifun ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti ọmọ màlúù ni wọ́n fi ń ṣe é. Òórùn rẹ̀ ni àwọn ará Lyon fi ń mọ̀ ọ́n, ẹlòmíràn á sì wọkọ̀ wá láti ìlú míràn torí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sọ fún wa pé ẹ kì í jẹ ọbẹ̀ tí kò bá ní ṣàkì àti abọ́dì, mo rò pé ẹ ó bá ara yín mu. Ní Paris ńkọ́? Ọ̀gá ilé yín ní àwọn ò lè sùn láìfi òkèlè kanu, a sì darí yín sí Château Rouge, ibùdókọ̀ méjì péré sí Gare du Nord lórí laini 4 ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, níbi tí iṣu àti ẹ̀fọ́ wà lórí àtẹ. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyẹn náà ò sí nínú ohun tí ẹ kọ.

Owó hòtẹ́ẹ̀lì tí ẹ ń sọ, owó orí àlejò ni. Ìjọba ìlú ló ń gbà á, lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, lálaalẹ́, hòtẹ́ẹ̀lì ló sì máa ń bá wọn gbà á. Ó wà lójú ìwé kejì àdéhùn wa.

Ó ku ti awakọ̀. Àwa la jẹ̀bi. Ibùdókọ̀ ojú irin méjì ló wà ní Avignon, níbi tí ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ ní Provence: ọ̀kan nítòsí odi ìlú, ọ̀kan lẹ́yìn ìlú níbi tí àwọn TGV, tíréènì tó ń sáré gan-an, ti ń dúró. Ọmọkùnrin kan ní ọ́fíìsì wa kọ "Avignon" nìkan sí awakọ̀, ìyẹn sì lọ dúró sẹ́bàá odi. Ẹ̀yin wà lẹ́yìn ìlú nínú oòrùn fún ogójì ìṣẹ́jú. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Ìwó Road kọ́ yín lẹ́kọ̀ọ́ tán, mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín níbí. Ẹ rín in, ó tọ́ sí yín. Ẹ gba takisí dé abúlé Gordes ní yúrò 110. A dá owó náà padà ní ọjọ́ 27, nígbà tí ẹ ṣì wà lọ́hùn-ún. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ni ẹ kọ ìràwọ̀ méjì yín.

Nígbà tí láfẹ́ńdà ti lọ, ta ló ní kí ẹ gbé léèsì pupa dání, kí ẹ lọ sí abúlé Roussillon tí ilẹ̀ rẹ̀ pupa bí osùn? Fọ́tò yẹn lẹ fi ṣe ojú Facebook yín títí di òní.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ń ṣe agídí, a ó dá gbogbo owó iṣẹ́ wa lórí apá Provence padà, £120. A ó sì bá yín ṣètò ti ọdún tó ń bọ̀ láìgba owó iṣẹ́. A ti kọ orúkọ yín sí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù Keje. Bí ìgbéyàwó bá tún bọ́ sí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá. Ẹ má fi àtàǹpàkò ránṣẹ́.