Mọ́ínmọ́ín inú ọ̀rá tún dé

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ da mọ́ínmọ́ín sínú ọ̀rá? Mi ò ní bá a jà. Mo kàn fẹ́ wò ó lójú ni.

Sátidé tó kọjá, ìnáwó òkú àgbà gbé mi dé Ọba-Ilé, níbí l'Ákùúrẹ́. Ìnáwó gidi ni o, aṣọ ẹbí oríṣi mẹ́ta, eléré méjì. Wọ́n gbé oúnjẹ dé, mo rí nǹkan kan tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì mi, ọ̀rá lẹ̀ mọ́ ọn lára bí aṣọ ẹni tí òjò pa. Mo tú u, omi ló kọ́kọ́ jáde. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje la máa ń gbọ́. Eléyìí ò ní ẹ̀mí kan ṣoṣo, kò sí ẹja, kò sí ẹyin, kò sí edé. Mo pe ọmọbìnrin tó ń pín oúnjẹ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló ráyè ewé?”

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ pé ewé wọ́n, pé ó ń ya, pé ọ̀rá yá ju, mo ti gbọ́ yín. Ẹ jókòó.

Oko kòkó bàbá ìyá mi lápá Ìdànrè la ti ń já ewé eéran nígbà tí mo wà ní kékeré. Abẹ́ ìbòòji ló ń hù, kò fẹ́ràn oòrùn. Ọ̀pá kan, ewé kan, ewé náà á sì fẹ̀ tó àwo. Ewé la máa ń pọ́n, ọ̀pá rẹ̀ la máa ń tẹ́ sí ìdí ìkòkò kí mọ́ínmọ́ín má baà jóná. Èso rẹ̀ pupa, nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń so sí. A ó fọ́ ọ, a ó máa lá nǹkan rírọ̀ tó lẹ̀ mọ́ kóró dúdú inú rẹ̀, adùn yẹn ò sì ní kúrò lẹ́nu bọ̀rọ̀. Dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniell, ti kọ̀wé nípa èso yìí láti 1855. Lónìí wọ́n ń yọ adùn rẹ̀ tà lókè òkun, thaumatin ni wọ́n ń pè é, ó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000. Àwa tó ń hù lẹ́yìnkùlé wa, ọ̀rá là ń rà.

Inú bí mi débi pé, lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìdànrè, lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ọ̀sán ti ń rọ̀ kí n tó dé. Mọ́ínmọ́ín wà lórí ààrò, ó ń ta sánsán dé ẹnu ọ̀nà. Kò síná, àtùpà ni wọ́n tàn. Ìyá ti rẹ́ tèmi sínú abọ́, ẹ̀kọ tútù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo jẹ, mo tún bu sí i. Mo ní, “Ìyá, ewé ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi yìí o!”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìró wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tú.

“Ewé wo? Inú agolo mílíìkì ni mo ti sè é.”

Wọ́n ní ewé tí àwọn rí ò ju mélòó kan lọ, òun làwọn fi tẹ́ ìdí ìkòkò, táwọn sì fi bo orí rẹ̀. Wọ́n ti gé igi ibi tí ewé yẹn pọ̀ sí, oòrùn ti pa á. Èyí tó kù jìnnà, orúnkún wọn ò sì gbé wọn débẹ̀ mọ́. “Àwọn ọmọ tó ń já a fún mi dà? Ẹ ti lọ sí Àkúrẹ́ tán. Àbí ìwọ á wọ igbó lọ já a lọ́la?”

Mo wo bàtà mi.

Mo ṣì kórìíra ti inú ọ̀rá yẹn o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Àmọ́ ohun tí mo jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, bóyá ewé ìdí ìkòkò ló ṣe é, bóyá iná igi ni, bóyá ọwọ́ Ìyá ni, mi ò lè búra.

Ẹni tó bá mọ iye tí wọ́n ń ta ìdì ewé kan ní Ọjà Ọba báyìí, kó sọ fún mi. Èmi ò rà á rí.